Wákàtí Márùn-ún láti Santiago sí Santiago

Oṣù kẹta ọdún 1983 ni mo kọ́kọ́ pàdé Merahi Araki, ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ọkọ̀ òfurufú tó gbé mi dé Rapa Nui, erékùṣù kékeré kan láàárín òkun. Àwọn obìnrin tó kù tó dúró níbẹ̀ mú òdòdó tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀ dání, wọ́n ń fi kọ́ ọrùn ẹni tí wọ́n wá pàdé. Òun kò mú òdòdó. Ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsù ló mú dání, ó sì wọ aṣọ òjò kan tó gùn dé orúnkún. Èmi kò ní ẹni tó wá pàdé mi, torí náà ọ̀dọ̀ mi ló kọjú sí.

"Ẹ káàbọ̀ o, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, wákàtí mélòó lẹ lò lójú òfurufú?"

Mo wo aago ọwọ́ mi. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la gbéra ní Santiago, olú ìlú wa ní ilẹ̀ ńlá, aago mi sì ń sọ pé ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù. Mo dá a lóhùn kíákíá pé, "Wákàtí mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú."

Ó gbé ojú kúrò nínú ìwé. "Iṣẹ́ kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Tíṣà ni mí. Ìṣirò ni mo wá kọ́ àwọn ọmọ, àti ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé."

"Ìṣirò!" Ó yíjú sí àwọn obìnrin olódòdó. "Ẹ̀yin èèyàn, wọ́n ti rán tíṣà ìṣirò sí wa o! Òun nìkan ló dé ṣáájú ọkọ̀ tó gbé e wá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé èmi fúnra mi ni mo fa aago mi sẹ́yìn ní wákàtí méjì nínú ọkọ̀, nítorí pé aago erékùṣù kì í bá ti ilẹ̀ ńlá dọ́gba, tí mo sì wá yọ nọ́ńbà kan nínú èkejì láìro ohun tí mo ṣe. Merahi kọ wákàtí márùn-ún àti ogójì ìṣẹ́jú sínú ìwé rẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n kó tó bi mí. Ó kàn fẹ́ràn láti máa bi ẹni tuntun ni.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni tíṣà àkọ́kọ́."

Ìyá àgbà kan ṣàánú mi, ó bọ́ òdòdó kan lọ́rùn ara rẹ̀, ó sì fi kọ́ mi lọ́rùn. Mo rò pé ọdún méjì ni mo máa lò níbẹ̀. N kò tíì kúrò níbẹ̀ dòní.

Ọdún 1949 ni wọ́n bí Merahi ní Hanga Roa, ìlú kan ṣoṣo tó wà ní erékùṣù náà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọkọ̀ ojú omi máa ń wá láti Valparaíso, èbúté kan ní ilẹ̀ ńlá. Bí ìyá ẹnì kan bá gbàgbé láti ra abẹ́rẹ́ ìránṣọ nínú ọkọ̀ náà, ó di àmọ́dún. Bàbá rẹ̀ ni Koro Tadeo. Koro là ń pe gbogbo àgbà ọkùnrin níbí. Ó wà lára àwọn tó ru òkúta nígbà tí wọ́n ń ṣe títì tí ọkọ̀ òfurufú ń bà lé. Títí ó fi kú, "títì mi" ló ń pè é. Ilé wọn wà lẹ́bàá ọgbà pápá ọkọ̀ òfurufú náà gan-an. Bí ọkọ̀ bá ti bà lé tí ilẹ̀ sì mì, Koro á gbé ife kọfí rẹ̀ sókè kó má bàa dà, á wá ní, "Èmi ni mo fa Santiago súnmọ́ yín. Kí wọ́n tó bí yín, ó jìnnà ju báyìí lọ."

Nígbà tí ọ́fíìsì tó ń wo ojú ọjọ́ ní pápá náà ń wá òṣìṣẹ́, ọkùnrin mẹ́sàn-án ló ṣe ìdánwò, Merahi ṣìkẹwàá. Òun ló gba ipò kìíní. Koro Tadeo rin gbogbo ojú ọ̀nà Hanga Roa lọ́jọ́ náà, ilé dé ilé. "Èmi tẹ́ ilẹ̀ fún ọkọ̀," ó ń sọ fún wọn, "ọmọ mi ń ṣọ́ ọ̀run fún un." Nígbà tó dé ilé kan lẹ́ẹ̀kejì, onílé dá a lóhùn pé, "A ti gbọ́, Koro. Ta ló wá ń ṣọ́ adìyẹ yín tó ń jẹ kókò mi?"

Iṣẹ́ Merahi kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Láti Santiago dé ọ̀dọ̀ wa tó kìlómítà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé àádọ́ta, omi ni gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ ń kọjú ìjà sí afẹ́fẹ́, nítorí náà ó máa ń lò tó wákàtí márùn-ún àti ogójì ìṣẹ́jú. Èyí tó ń padà, afẹ́fẹ́ kan náà ló ń tì í lẹ́yìn, kì í lò ju wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ. Títì kan ṣoṣo la ní, kò sì sí ilẹ̀ mìíràn nítòsí tí ọkọ̀ lè yà sí. Torí náà, bí ọkọ̀ bá dé ìdajì ọ̀nà, awakọ̀ á béèrè lórí rédíò pé báwo ni ọ̀run wa ṣe rí. Bí ìdáhùn bá dára, á máa bọ̀. Bí kò bá dára, á yí padà síbi tó ti wá, nítorí pé bó bá ti rìn kọjá ibẹ̀ jìnnà, epo rẹ̀ kò ní gbé e padà mọ́. Ọwọ́ Merahi ni ìdáhùn náà ti ń jáde. Ẹ̀rọ oríṣiríṣi wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, ṣùgbọ́n òkè Orito ni ọ̀gá gbogbo wọn. Bí orí òkè náà bá hàn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìkùukùu ga tó fún ọkọ̀ láti bà lé. Bí kò bá hàn, kò ga tó.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi ní kíláàsì, mo bi àwọn ọmọ pé báwo ni Santiago ṣe jìnnà tó. Mo ti kọ iye kìlómítà náà sẹ́yìn pátákó, mo fẹ́ yí i síta kí ẹnu yà wọ́n. Ọmọbìnrin kan nawọ́. "Umu kan ni, Tíṣà." Gbogbo kíláàsì sì gbà fún un.

Umu ni ààrò tí wọ́n ń gbẹ́ sínú ilẹ̀. Òkúta gbígbóná ni wọ́n ń tò sí i, wọ́n á kó ẹran, ẹja, ọ̀dùnkún àti kókò lé e, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, wọ́n á sì da erùpẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Bí ẹni pàtàkì bá ń bọ̀ láti ilẹ̀ ńlá, ìdílé rẹ̀ á dáná sí òkúta nígbà tí ọkọ̀ bá gbéra ní Santiago. Wọ́n á bo ààrò nígbà tí ìròyìn bá dé pé ọkọ̀ ti kọjá ìdajì ọ̀nà. Bí àlejò bá fi máa dé ilé pẹ̀lú òdòdó lọ́rùn, oúnjẹ ti jinná. Àṣà náà ní òfin kan ṣoṣo: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bo ààrò kí ọkọ̀ tó kọjá ìdajì ọ̀nà. Mo yí pátákó mi padà, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀: Santiago, umu kan.

Ọjọ́rú kan ní oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni ọjọ́ tí gbogbo erékùṣù fi mọ irú ẹni tí Merahi jẹ́. Àyà ń dun Koro Tadeo láti oṣù kan sẹ́yìn. Dókítà ti pe Merahi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kó má ṣe máa ka ọ̀sẹ̀ mọ́, ọjọ́ ni kó máa kà. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Koro bí, Makari, àbúrò Merahi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Makari nígbà tó lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Valparaíso. Lọ́jọ́ tó ń lọ, bàbá rẹ̀ fi ìbínú sọ fún un pé, "Bí o bá wọ ọkọ̀ yẹn, má padà wá." Makari gba ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ọdún méjìlélógún kọjá, kò padà wá. Nígbà tí Merahi wá kọ̀wé sí i pé bàbá ń lọ, ó ní òun á wá pẹ̀lú ọkọ̀ Ọjọ́rú.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ọkọ̀ ń wá nígbà náà, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Láti àárọ̀ kùtùkùtù ni Koro ti ní kí wọ́n gbé òun sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, kí ojú òun lè máa wo títì. Ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ òdòdó kan sórí itan. "Èmi ni mo fi ẹnu mi lé e lọ," ó ní, "èmi náà ni mo máa fi ọwọ́ mi kọ́ ọ lọ́rùn." Ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè lọ́wọ́ ayé nìyẹn.

Èmi wà ní ọ́fíìsì Merahi láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo lọ da iye òjò oṣù tó kọjá kọ fún kíláàsì mi. Ọkọ̀ gbéra ní Santiago ní aago mẹ́fà tiwa. Nígbà tó di aago mẹ́jọ, òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀ láti ojú òkun. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́jọ ààbọ̀, Orito ti wọnú ìkùukùu lọ dé ìbàdí.

Pio, ọmọ ẹ̀gbọ́n Koro, tó ń bójú tó umu ọjọ́ náà, gun kẹ̀kẹ́ dé, ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Merahi, mo ti bò ó o!"

"Kí lẹ bò?"

"Umu ni. Òjò fẹ́ pa òkúta."

Merahi fi pẹ́ńsù sílẹ̀. "Bùrọ̀dá Pio! Ọkọ̀ ò tíì dé ìdajì ọ̀nà. Ta ló ní kí ẹ bò ó?"

"Kí ló kù? Ogún ìṣẹ́jú ló kù. Makari á wá ni, àbí kò ní í wá?" Ó wo ojú rẹ̀, ó wá wo ìta, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Merahi. Kí lo fẹ́ sọ fún wọn?"

"Ohun tí mo bá rí."

"Ìwọ nìkan lo ń wo òkè yẹn. Kọ ọ́ pé ó hàn. Ìkùukùu yìí á lọ, mo mọ̀ ọ́n, apẹja ni mí. Bí wọ́n bá fi máa dé, oòrùn á ti là."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá síbí." Ó fà á dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ẹ rí Orito?"

Pio na ọrùn jáde. "Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Orí ni wọ́n ń bi mí, wọn ò bi mí ní ẹsẹ̀."

"Bàbá rẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú òdòdó! Ṣé o fẹ́ kó kú sórí àga ni?"

Merahi di férémù ilẹ̀kùn mú. Nicanor, tó ń bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò, yọjú láti yàrá kejì, etí rẹ̀ kan ṣì wà nínú ẹ̀rọ.

"Merahi, wọ́n ti dé ìdajì ọ̀nà. Wọ́n ń béèrè." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ẹ̀rọ náà. "Inú ọkọ̀ yẹn ni Makari wà o."

"Mo mọ̀. Èèyàn mẹ́rìnléláàádóje ló wà níbẹ̀." Ó padà lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó tún wo òkè náà, ó kà dé ọgbọ̀n lábẹ́ ẹnu, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló jókòó tó kọ ọ́. "Sọ fún wọn pé Orito kò hàn. Kí o kọ aago sí i: mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ọkọ̀ náà yí padà.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, afẹ́fẹ́ yí, ìkùukùu sì fọ́ bí àwo. Orito yọ láti ẹsẹ̀ dé orí, ewéko rẹ̀ ń dán. Àsìkò tó yẹ kí ọkọ̀ bà lé, títì ti gbẹ, oòrùn ń jó wa lẹ́yìn ọrùn. Àwọn ìdílé tó wá pàdé èèyàn wọn ṣì dúró sí ẹ̀bá ọgbà, òdòdó ń rọ lọ́wọ́ wọn.

"Merahi!" ọkùnrin kan ké sí i bó ṣe ń jáde. "Ṣé òkè yẹn ti hàn sí ẹ báyìí, àbí ká lọ gbé e súnmọ́ ẹ?"

"Ẹ bá a ra dígí ojú," obìnrin kan fi kún un. "Àbúrò rẹ̀ á rà á bọ̀ láti Santiago, bó bá fi máa dé."

Merahi gba àárín wọn kọjá. "Ó ti hàn báyìí," ó ní. "Mo ti kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Mo tẹ̀ lé e dé ilé, nítorí pé n kò fẹ́ kó dá nìkan rìn. Pio ti hú umu. Oúnjẹ ọgọ́ta èèyàn jókòó sórí ewé, ó ń yọ èéfín, kò sì sí ẹni tó na ọwọ́ sí i. Merahi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀.

"Koro, èmi ni mo dá ọkọ̀ padà."

"Pio ti sọ fún mi. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ariwo." Èémí rẹ̀ kúrú, ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀. "Ṣé o wo Orito?"

"Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ṣé orí rẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Kò sí níbẹ̀, Koro."

Arúgbó náà mi orí. "Nígbà tí à ń ṣe títì mi, ibì kan wà tó rọ̀, níhà òkun. Fọ́mánù ní ká da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, ọkọ̀ alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́la. Mo ní rárá. Mo gbẹ́ ẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń pè mí ní ọ̀lẹ, ó ń pè mí ní olórí kunkun. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọkọ̀ tó wá síbí ló ti sáré kọjá lórí ibẹ̀." Ó gbé ọwọ́ lé orí Merahi. "Ọmọ mi ni ọ́. Wọn ò pààrọ̀ ọ ní ilé ìwòsàn."

Merahi sunkún nígbà náà, ó ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. Koro wá gbé ojú sókè sí àwọn èèyàn tó dúró gbọin.

"Kí lẹ ń wò? Ṣé ẹ fẹ́ kí oúnjẹ Makari ṣòfò ni? Pio, fún mi ní ọ̀dùnkún. Ìwọ tó bo ààrò kí ọkọ̀ tó dé ìdajì ọ̀nà, kí la tún fẹ́ fi ẹ ṣe?"

Ọjọ́ méjì ni kò ti fi oúnjẹ kan ẹnu. Ó jẹ ìdajì ọ̀dùnkún kan. Ó ní kí wọ́n gbé òdòdó òun sínú omi. "Mo ti dúró de ọkọ̀ ojú omi fún odindi ọdún rí," ó ní. "Ọjọ́ méjì ni mo fẹ́ máa bẹ̀rù?"

Ṣùgbọ́n a bẹ̀rù. Ní Ọjọ́bọ̀, èémí rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀, dókítà sì wá lẹ́ẹ̀mẹta. Merahi lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó wo òkè ní gbogbo wákàtí, ó ń sáré wálé láàárín.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀run mọ́ kedere, afẹ́fẹ́ sì le. Pio tún dáná sí òkúta. Mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó jókòó sórí ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

"Kí ló ṣe yín?" mo bi í.

"Mo ń dá wọn dúró ni, Tíṣà. Ọwọ́ yìí ò gbọ́n."

Ìgbà tí Nicanor fi fèrè ọkọ̀ rẹ̀ kígbe lójú ọ̀nà, pé wọ́n ti kọjá ìdajì ọ̀nà, ni Pio tó dìde.

Wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta ni ọkọ̀ náà lò. Makari Araki rin láti pápá dé ilé, kò dúró de ẹrù rẹ̀. Ó ti hu ewú, ó sanra ju bí mo ṣe rò lọ. Koro kò lè dìde mọ́, nítorí náà Makari kúnlẹ̀, ó sì tẹ orí ba. Òdòdó Ọjọ́rú ni Koro fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ó ti rọ, etí rẹ̀ ti dúdú, wọ́n mú tuntun wá fún un, ó kọ̀ ọ́.

"Wákàtí mélòó?" Koro bi í.

"Bàbá, Ọjọ́rú le jù," Makari ní, ó ń nu ojú. "A gbéra ní Santiago, a fò fún wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú márùn-ún, a sì bà lé ní Santiago. Mo ra tíì lọ́wọ́ ìyá kan náà tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Ó ní, 'Ẹ tètè dé o.'"

Ilé bú sẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Nígbà tí ọkọ̀ yí, awakọ̀ sọ fún wa pé ẹni tó ń wo ojú ọjọ́ ní erékùṣù ní òun kò rí òkè. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ń bú u, ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló ń sùn níbẹ̀. Mo ní, 'Ẹ gbọ́, ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Bó bá ní òun kò rí i, kò sí níbẹ̀.'" Ó yíjú sí Merahi. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo ọkọ̀ gbọ́."

Koro ló dá a lóhùn. "Mo tẹ́ ilẹ̀," ó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé sì bá a parí rẹ̀ pẹ̀lú ariwo, títí kan onílé tí adìyẹ jẹ kókò rẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni bàbá àti ọmọ fi wà pọ̀. Nígbà tí Koro Tadeo kú, Makari àti Pio gbé e gba ẹ̀bá títì rẹ̀ kọjá, wọ́n sì dúró díẹ̀ níhà òkun, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ nígbà kan. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin tó fi Merahi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́bàá ọgbà wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ tuntun ń bọ̀ nínú ọkọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Àǹtí Merahi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo òkè yẹn dáadáa."

"Mo ti ń wò ó," ó ní. "Orí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ lọ bo umu yín."

Ó fi ọdún méjìdínlógún sí i ṣe iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ mẹ́rin péré ló tún dá padà. Ó kọ́ òṣìṣẹ́ mẹ́ta, méjì nínú wọn jẹ́ ọmọ kíláàsì mi, ó sì kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n rí sókè kí wọ́n tó kọ ọ́. Ọdún 2009 ló fẹ̀yìntì. Ìlú Hanga Roa ló wà dòní, nínú ilé bàbá rẹ̀ lẹ́bàá ọgbà pápá, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí Orito.